Ẹyin Há sí Abo Kuwéèlì Nínú: Àkọsílẹ̀ Ìtọ́jú Ọjọ́ 21

Abo kuwéèlì ọlọ́sẹ̀ 11 ni ẹyẹ yìí, ẹyẹ ọ̀sìn inú ilé ní Ìbàdàn. Ẹ̀wà ni wọ́n sọ ọ́, nítorí àmì wínníwínní tó wà láyà rẹ̀. Òun, abo kan mìíràn àti akọ kan ni wọ́n jọ ń gbé inú kéèjì onírin kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ gílóòbù tí kì í kú tọ̀sántòru bí iná bá ti wà. Láti ọ̀sẹ̀ keje ló ti ń yé, ẹyin kan lójúmọ́, kò sì sí ohun tó ṣe é títí ọyẹ́ fi dé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe kuwéèlì ní àparò. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe àparò inú oko wa. Tiwa tóbi jù ú lọ dáadáa, ó sì ní ohun ṣóńṣó bí ẹ̀gún lẹ́yìn ẹsẹ̀ bíi ti àkùkọ. Kuwéèlì ilẹ̀ Jàpáánì ni à ń sìn. Ọdún 1992 ni ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, nítòsí Jos, mú un wọ Nàìjíríà. Ìdí tí a fi ń ya wọ́n sọ́tọ̀ ni pé àwọn tó ń tọ́jú kuwéèlì sábà máa ń bá a lò bí àparò oko, tí kò fẹ́ ìtọ́jú ẹnikẹ́ni, tàbí bí adìẹ kékeré. Kò jọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àárọ̀ ni adìẹ máa ń yé jù. Kuwéèlì, ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. Ẹyin adìẹ kò tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ìyá rẹ̀; ti kuwéèlì ń lọ sí ìdá méje tàbí mẹ́jọ. Ẹ fojú inú wo ẹrù yẹn lójoojúmọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ Ajé, Ẹ̀wà yé ẹyin tí kò ní èèpo. Awọ lásán ló bò ó, ó sì rọ̀ lọ́wọ́ bí agbálùmọ̀ tó ti pọ́n jù. Irú rẹ̀ kan ti jáde ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n sọ ọ́ nù, wọn ò sì kà á sí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò yé. Ọjọ́rú, kò yé, ó sì kóra jọ sí igun kéèjì, ó fẹ ìyẹ́ bíi bọ́ọ̀lù òwú. Ẹni tó ni í rò pé ọyẹ́ ló mú un. Ọjọ́bọ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ adìẹ, wọ́n sì ta ìyẹ̀fun oxytetracycline, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, fún un: “Ẹ pò ó sómi fún un, ọjọ́ mẹ́ta péré, ara rẹ̀ á yá.” Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹsẹ̀ òsì kò lè gbé e mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Oògùn yẹn kò ṣe é láǹfààní, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ọ̀nà èyí tí ì bá ṣe é láǹfààní. Oxytetracycline àti kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú egungun àti èèpo ẹyin le, máa ń so mọ́ra wọn nínú ìfun. Bí wọ́n bá jọ wọlé, ara kò ní rí èyíkéyìí gbà dáadáa. Ẹni tó bá po kálísíọ́mù sínú omi kan náà tí ìyẹ̀fun yẹn wà kàn ń fi owó ṣòfò ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹyin tí ẹyẹ bá yé lásìkò tí oògùn yìí wà lára rẹ̀ kì í ṣe jíjẹ títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí oògùn náà á fi pé.

Àyẹ̀wò

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, dókítà kọ́kọ́ wò ó nínú páálí fún bí ìṣẹ́jú 5. Ó nàró, ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Bó bá ti mí, ìrù rẹ̀ á lọ sókè, á bọ̀ wálẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ń rọ́ra, ojú rẹ̀ á pa dé, kò sì sí ohun tó ń jáde ju omi funfun díẹ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀ kò là bó ṣe ń mí, èyí sì dára. Kuwéèlì tó bá ń la ẹnu mí láìsí ooru kò ní àkókò púpọ̀ lọ́wọ́.

Bí a ṣe ń di kuwéèlì mú ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Àtẹ́lẹwọ́ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ìka méjì ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn, kí ohunkóhun má tẹ àyà. Ẹyẹ kò ní iṣan tó pààlà àyà àti ikùn bíi tiwa. Egungun àyà rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ kó bọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó wọlé. Ẹni tó bá há a mọ́wọ́ kó má baà fò ń dí èémí rẹ̀ láìmọ̀.

Dókítà fi ìka ìfábẹ̀lá kan wá ibi tó wà láàárín ìparí egungun àyà àti ihò ìdí. Ohun líle kan wà níbẹ̀, ó dán, ó tó odidi obì kékeré. Ihò ìdí wú díẹ̀, ó tutù, ẹyin kò hàn. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 176. Ẹsẹ̀ òsì tó rọ kì í ṣe pé ó ṣẹ́: ẹyin tó dúró síbẹ̀ ló tẹ iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ pá, ìyẹ́ ti tán níbẹ̀. Àmì pé akọ ń gùn ún ju bó ṣe yẹ lọ nìyẹn. Akọ kan sí abo 3 dé 5 ni wọ́n máa ń fi sìn. Akọ kan sí abo 2 nínú kéèjì kótópó jẹ́ ìyà fún àwọn abo.

Kí ni kò jẹ́ kó jẹ́ àrùn mìíràn? Àìsàn ìfun tí wọ́n ń fi orúkọ kuwéèlì pè gan-an, èyí tí kòkòrò Clostridium colinum ń fà, máa ń mú ìgbẹ́ olómi funfun wá, ṣùgbọ́n kì í dúró lára ẹyọ kan. Ó máa ń ran àwọn tó kù kíákíá, ó sì máa ń pa wọ́n lójijì. Àwọn méjì tó kù ń jẹ, wọ́n ń ké, wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ sára. Kọksídíọ́sì, àìsàn ìfun mìíràn, ń bá ọmọdé ẹyẹ jà jù, ẹ̀jẹ̀ sì sábà máa ń wà nínú ìgbẹ́. Ọrùn kò lọ́, ojú kò wú. Bí ẹyẹ méjì tàbí mẹ́ta bá kú lójijì nílé, kì í ṣe àsìkò àtitú wọn palẹ̀ láti wo ohun tó wà nínú wọn. Ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá, ẹ fọwọ́, ẹ pe dókítà ẹranko ìjọba.

Ohun kan wà tí ẹni tó ni ẹyẹ mú wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí àrùn: fóòmù funfun bí ìfófòó ọṣẹ tó rí nílẹ̀ kéèjì. Ti akọ ni. Akọ kuwéèlì tó ti dàgbà ní kókó pupa kan lókè ihò ìdí, ibẹ̀ sì ni fóòmù náà ti ń jáde. Bí ẹ bá rí i, akọ yín ń ṣe dáadáa ni.

Ibi tí ìṣòro ti wá

Bróílà stáàtà, oúnjẹ ọmọ adìẹ ẹlẹ́ran, ni wọ́n fi ń bọ́ Ẹ̀wà láti kékeré. Wọn ò ṣì í nígbà yẹn, nítorí ọmọ kuwéèlì nílò púrótéènì púpọ̀, stáàtà sì ní in. Àṣìṣe ni pé kò yí padà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kuwéèlì tó ń yé máa ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 22 lóòjọ́. Kálísíọ́mù inú stáàtà kò ju bí ìdá 1 nínú 100 lọ, èyí tí í ṣe gíráàmù 0.22. Èèpo ẹyin onígíráàmù 11 ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 0.9, kálísíọ́mù inú rẹ̀ sì súnmọ́ 0.33. Èyí tó ń wọlé kò tó èyí tó ń jáde, ara ẹyẹ kì í sì í gba gbogbo èyí tó jẹ. Ìdajì ni ká fojú sí. Àyọkù ń wá láti inú egungun rẹ̀. Oúnjẹ tí kálísíọ́mù rẹ̀ jẹ́ ìdá 3 yóò fún un ní 0.66; ìdajì rẹ̀ ni 0.33, ó ṣe rẹ́gí. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ kuwéèlì tó ń yé fi máa ń wà láàárín ìdá 2.5 sí 3.5.

Kálísíọ́mù kì í sì í ṣe ti èèpo nìkan. Òun ni iṣan ọ̀nà ẹyin fi ń súnkì láti ti ẹyin jáde. Bó bá ti tán, ẹyin tó ti ṣetán á kàn jókòó síbẹ̀. Ẹyin aláwọ̀ rírọ̀ méjèèjì yẹn ni ìkìlọ̀. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀, wọn ò gbọ́ èdè rẹ̀.

Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ tún wá fi kún un. Ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ fún abo kuwéèlì pé kó yé. Wákàtí 14 sí 16 tó fún un. Gílóòbù tó tàn mọ́jú kì í jẹ́ kó sinmi rárá. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà kò gba oòrùn, oòrùn tó bá sì gba inú gíláàsì fèrèsé wọlé ti pàdánù èyí tí ara fi ń ṣe fítámì D, tí kò bá sì sí fítámì D, kálísíọ́mù kò ní wọ ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Otútù ọyẹ́ ló wá ti ilẹ̀kùn.

Ìtọ́jú ọjọ́ kìíní

Ooru ló ṣáájú, kì í ṣe epo. Ẹyẹ tí ara rẹ̀ tutù kò lè ti ẹyin, bí a tilẹ̀ da ìgò epo kan sí i nídìí. Ní aago 9:30 àárọ̀ ni wọ́n gbé e sínú páálí tí wọ́n tẹ́ aṣọ ìnura sí. Gílóòbù oníwáàtì 60, irú èyí tó ń gbóná, wà ní ìpẹ̀kun kan, ìpẹ̀kun kejì sì ṣófo kó lè sún kúrò bí ooru bá pọ̀ jù. Ìsàlẹ̀, níbi tí ẹyẹ wà, ni tẹmómítà wà, kì í ṣe lókè: 31°C. Abọ́ omi gbígbóná kan tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà gbẹ. Bí iná ìjọba bá lọ, ìgò oníke méjì tí omi gbígbóná wà nínú wọn, tí a fi aṣọ wé, tó. Ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbé àdògán eléèédú tàbí sítóòfù kẹrosíìnì sínú yàrá ẹyẹ. Èéfín tí èèyàn á fara dà á pa kuwéèlì.

Wọ́n da omi oloògùn nù. Omi mímọ́ tí wọ́n po ṣíbí tíì glúkóòsì kan sínú ife rẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀kán kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kó fúnra rẹ̀ gbé e mì, lẹ́yìn náà ẹ̀kán mìíràn. Ihò tí ẹyẹ fi ń mí wà nídìí ahọ́n gan-an. Èyí ni ìdí tí àdí tàbí epo tí àwọn kan ń dà sí i lẹ́nu fi léwu: inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń lọ.

Aago 10:40, abẹ́rẹ́ kálísíọ́mù tí wọ́n ń pè ní calcium gluconate, ìdá 10 nínú 100. Dókítà lo mílígíráàmù 50 fún kílò kan. Ẹyẹ onígíráàmù 176 gba mílígíráàmù 8.8, èyí tí í ṣe nǹkan bíi mílílítà 0.09, ìlà mẹ́sàn-án lára síríńjì ínsúlínì onímílílítà kan tí ìlà rẹ̀ jẹ́ 100. Ó fi omi iyọ̀ abẹ́rẹ́ bíi ìwọ̀n kan náà là á kó tó gún un sí iṣan àyà. Iṣẹ́ dókítà ni èyí. Ẹni tó bá gba ìgò náà lọ sílé tó sì fojú díwọ̀n lè dá ọkàn ẹyẹ dúró.

Aago 12 ọ̀sán, wọ́n gbé ẹyẹ náà jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ 39°C. Omi kò kọjá ikùn rẹ̀. Ọwọ́ kan wà lábẹ́ àyà rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 náà. Wọ́n nù ún, wọ́n tún nù ún, wọ́n sì dá a padà sínú ooru kó tó gbọ̀n. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ní tútù níbi yìí, gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ á bàjẹ́.

Aago 2, wọ́n fi òwú orí igi kékeré kan mú jẹ́ẹ̀lì tó ń yọ̀, irú èyí tó ń ṣàn dànù pẹ̀lú omi, wọ́n sì rọra fi yí etí ihò ìdí ká. Òróró inú ilé náà á ṣiṣẹ́ bí jẹ́ẹ̀lì kò bá sí, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan péré. Ìyẹ́ tí epo bá ti kùn kì í mú ara gbóná mọ́.

Lẹ́yìn náà, wọ́n bo páálí, wọ́n sì kúrò níbẹ̀. Èyí ló nira jù fún ẹni tó ni ẹyẹ. Ó fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ tì í. Dókítà kọ̀. Bí ẹyin bá fọ́ sínú, èèpo rẹ̀ á gé ọ̀nà ẹyin, ohun inú rẹ̀ á sì ṣàn sínú ikùn, ikùn á sì wú. Bí orí ẹyin bá ti hàn tí kò sì jáde, dókítà lè fi abẹ́rẹ́ fa omi inú rẹ̀ kó lè rọ̀. Bí ẹyẹ bá ń la ẹnu mí, tó bá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí ẹran pupa bá yọ síta, kò sí ìdúró kankan mọ́. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́ tí ẹyin kò jáde, ó di ọ̀rọ̀ fọ́tò X-ray.

Aago 4:40 ìrọ̀lẹ́, wákàtí tí kuwéèlì sábà máa ń yé, ẹyin wà lórí aṣọ. Gíráàmù 12.4 ni. Èèpo rẹ̀ rí gbágungbàgun bí ògiri tí wọn ò rẹ́ dán, orí kan fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ìlà ẹ̀jẹ̀ kan sì fà lára rẹ̀. Ẹ̀wà ya ìgbẹ́ ńlá kan tó ti wà nínú rẹ̀ láti àná, ó gbọn ara, ó sì mu omi. Ní aago 8 alẹ́, ẹsẹ̀ òsì ti ń gbé e.

Ọjọ́ 2 sí 21

Ewu tó kù ni pé ẹran ọ̀nà ẹyin lè yọ síta. Wọ́n ń yẹ ìdí rẹ̀ wò láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí irú rẹ̀ bá yọ, ẹ fi omi iyọ̀ mímọ́ pa á tutù kó má gbẹ, ẹ yà á kúrò lọ́dọ̀ àwọn yòókù, nítorí ohun pupa ni kuwéèlì kọ́kọ́ máa ń ṣá jẹ, ẹ sì gbé e lọ. Ti Ẹ̀wà kò yọ.

Ní ọjọ́ 3, ẹyin kan tún jáde, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò há. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe àṣìṣe kan: ẹnì kan ti gílóòbù súnmọ́ ẹyẹ nítorí pé òru tutù, ilẹ̀ sì mọ́ bá a tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìyẹ́ apá rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Tẹmómítà ka 36. Wọ́n dá a padà sí 29, ó sì balẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 20.

Kí ara rẹ̀ lè sinmi, wákàtí 8 péré ni wọ́n jẹ́ kó rí ìmọ́lẹ̀ lóòjọ́ títí di ọjọ́ 9. Aṣọ dúdú ni wọ́n fi ń bo àgọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ 6 kò yé mọ́. Ní ọjọ́ 10 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wákàtí kan kún un ní ọjọ́ méjì-méjì, títí ó fi dé 14 ní ọjọ́ 20. Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò tàn sí i lórí mọ́. Láàárọ̀, wọ́n ń gbé e síta fún ìṣẹ́jú 30, níbi tí oòrùn àti ìbòòji jọ wà.

Oúnjẹ ni wọ́n tún wò jù. Ojúlówó oúnjẹ kuwéèlì tó ń yé kò sí nítòsí, nítorí náà oúnjẹ adìẹ ayéyìn, tí àwọn olóúnjẹ ń pè ní láyà, ni wọ́n mú. Kálísíọ́mù rẹ̀ tó, ṣùgbọ́n púrótéènì rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 16 tàbí 17 lọ, kuwéèlì sì ń fẹ́ nǹkan bí 20. Wọ́n ń fi edé gbígbẹ lílọ̀, èyí tí kò níyọ̀, àti ẹyin sísè díẹ̀ kún un. Ìkarahun òkun fífọ́ wà nínú àwo kékeré lọ́tọ̀. Wọn kì í pò ó mọ́ oúnjẹ, kí èyí tó nílò rẹ̀ lè ṣà á fúnra rẹ̀. Èèpo ẹyin tí a yan tí a sì lọ̀ lè rọ́pò rẹ̀. Akọ kò nílò irú oúnjẹ yìí, ọmọ kuwéèlì tí kò tíì yé kò sì gbọdọ̀ jẹ ẹ́, nítorí ó ń ba kíndìnrín wọn jẹ́.

Akọ ti ní kéèjì tirẹ̀. Ọjọ́ 12 ni wọ́n dá Ẹ̀wà padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ abo kejì, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì dá wọn sí méjì fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó yọ ọ́, torí kuwéèlì tó kúrò láàárín ẹgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ti di àlejò, orí ni wọ́n sì máa ń ṣá àlejò.

Ìwọ̀n rẹ̀: 163 lálẹ́ ọjọ́ kìíní, 160 ní ọjọ́ 3, 167 ní ọjọ́ 14. Ní ọjọ́ 21, aago 5 ku díẹ̀, ó yé ẹyin onígíráàmù 10.4, èèpo rẹ̀ le, àmì dúdú ara rẹ̀ hàn ketekete. Àwo ìkarahun náà ti ṣófo nígbà méjì kí ọjọ́ yẹn tó pé. Abo kejì, èyí tí kò ṣàìsàn rárá, ló ń jẹ ẹ́ jù.